Ilé Méjìdínlógún ní Ẹ̀yìn Kabba

Ilẹ̀ tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, hẹ́kítà mẹ́jọ ni. Oko kaṣú ni tẹ́lẹ̀, ní ẹ̀yìn ìlú Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogí, lẹ́bàá ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wọlé láti Lọ́kọ́jà. Ẹbí wa ló ni ín. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹni méje tí ẹbí yàn láti bá ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ẹ́sítéètì sí i sọ̀rọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, nítorí a ṣì ń bá ara wa jókòó. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé àwọn aládùúgbò wa, ará Ìjùmú àti Yàgbà, tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé ẹnu ọ̀nà wọn ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ń béèrè bí a ṣe ṣe é tí ilé-iṣẹ́ fi gbà láti ya ilé sọ́tọ̀ fún mẹ̀kúnnù. Òótọ́ ni pé wọ́n gbà. Òótọ́ sì ni pé lẹ́ẹ̀kíní, gbígbà tí wọ́n gbà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àwa tí a kọ ìwé náà la sì jẹ̀bi.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹni tó bá ń lọ sí oko wa yóò kọ́kọ́ jẹun yó, torí ó jìn. Lónìí, kí ọlọ́kadà tó ṣẹ́ jíà lẹ́ẹ̀mẹta, o ti débẹ̀. Ìlú ló rìn bá oko. Wọ́n dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Kabba, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ibi tí wọ́n máa sùn. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Obajana wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà yìí kan náà, àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì fẹ́ kí ìdílé wọn máa gbé nínú ìlú tó ní ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé tún wà níbẹ̀, tó ti lé àgbẹ̀ púpọ̀ kúrò lóko wá sígboro. Yàrá tí mo ń san ₦40,000 lọ́dún lé lórí ní 2016, ₦150,000 ni onílé gbà lọ́wọ́ olùkọ́ tó wọ ibẹ̀ nígbà tó yá. Yàrá kan náà ni, páànù rẹ̀ sì ń jò síbẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ń wá ilé yìí, ọmọ ìlú tó ń fi owó ránṣẹ́ láti Àbújá ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́ prámárì, ìyá tó ń ta oúnjẹ ní gáréèjì, gbogbo wọn ló ń wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wọn pílọ́ọ̀tì sílẹ̀ nítorí wọn.

Kí n sọ ti òfin ní ṣókí, torí ibẹ̀ ni agbára ẹbí mọ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà pé kó máa ṣọ́ ọ fún gbogbo ará ìlú. Ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, kánsù ló lè fún èèyàn ní ìwé ẹ̀tọ́ àbáláyé lórí rẹ̀, abala 36 òfin náà sì ka á léèwọ̀ kí ẹni tó ń dáko síbẹ̀ gé e ní pílọ́ọ̀tì kó tà á. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rú òfin yìí. Ẹni tó sì ra irú pílọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé tí báńkì máa gbà, àwọn tí owó wọn kéré ló sì máa ń fara gbá a jù. Nítorí náà a ní kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ gba ọ̀nà tó tọ́ lọ́dọ̀ ìjọba kí igi kaṣú kan tó ṣubú.

Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ìkọ́lé ìlú, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní kí gbogbo ẹ́sítéètì tuntun ya ìdá kan sílẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kéré, mo sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ọ́fíìsì fi lé wa lọ́wọ́, ìbú ọ̀nà wà níbẹ̀, ìjìnnà ilé sí fẹ́ńsì wà níbẹ̀, ibi tí sálángá yóò wà ń bẹ níbẹ̀. Iye tí wọ́n máa ta ilé kò sí níbẹ̀. Bó ṣe di pé ẹbí ló máa béèrè fúnra rẹ̀ nìyẹn, kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ilẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀, torí àìmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ. Hẹ́kítà kan jẹ́ mítà 10,000 níbùú-lóròó. Mẹ́jọ jẹ́ 80,000. Awọnlẹ̀ yọ ìdá 30 nínú 100 fún ọ̀nà, gọ́tà àti àyè gbalasa. Ó ku 56,000. Pílọ́ọ̀tì tiwa jẹ́ mítà 15 sí 30, ìyẹn 450, nítorí náà 124 ló lè wọ ibẹ̀. A fi mẹ́rin sílẹ̀ fún bọhóòlù àti ilé ìwòsàn kékeré, ó ku 120. Ẹni tó lọ sípàdé láìmọ èyí yóò gbà tí wọ́n bá sọ fún un pé 70 péré ló lè wọ ibẹ̀.

Àbúrò mi kan ló mú ọ̀rọ̀ ìdá 15 nínú 100 wá. Maryland ló ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Montgomery County. Ilẹ̀ oko ló pọ̀ níbẹ̀ nígbà kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ Washington tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ síbẹ̀. Ní 1974 wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá ń kọ́ ilé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 15 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè rà tàbí kó yá gbé. Wọn kò sì gba nǹkan lọ́wọ́ akọ́lé lọ́fẹ̀ẹ́: wọ́n yọ̀ǹda fún un kó kọ́ ilé púpọ̀ ju iye tí ilẹ̀ náà ì bá gbà lábẹ́ òfin. Ìdá 15 nínú 120 jẹ́ 18. Inú wa dùn sí iye yìí débi pé a kò dúró gbọ́ ìyókù àlàyé rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Nípàdé ọdún 2022, ó tẹ́ ìwé ìṣirò rẹ̀ síwájú wa. Ọ̀nà, gọ́tà, òpó iná àti tiransifọ́mà, omi, òun ló máa ṣe gbogbo rẹ̀. Ìjọba kò mú ọ̀kankan wá. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, tí mo bá ta ilé méjìdínlógún ní ọ̀pọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ san àlàfo yẹn. Yálà àwọn tó máa ra ilé 102 tó kù, tàbí èmi, tàbí ẹ̀yin onílẹ̀.” Gbogbo ilé dákẹ́, nítorí òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo ń rí nínú ọ̀pọ̀ ẹbí ni pé wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ta ilé ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì tún fẹ́ gba owó ilẹ̀ tó ga jù. Méjèèjì kò lè jọ ṣẹ.

Ìgbà náà ni ìyá tó dàgbà jù nínú agbo ilé wa dìde. Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípàdé ilẹ̀. Wọ́n kí wa bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní, “Òkun o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi àti bàbá yín la jọ gbin kaṣú ibẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín níwèé, inú yàrá kan lòun àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ń gbé. Tí ilẹ̀ yìí bá lọ tán, tí òun kò rí ibi forí pamọ́ sí lórí rẹ̀, kí lẹ máa sọ fún mi?” Wọ́n jókòó. Olórí ẹbí wo ilẹ̀ pẹ́, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí gbà láti yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú owó ilẹ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Èkó àti Àbújá gbé e gbóná fún wa. Wọ́n ní ìpín àwọn la fi ń ṣe àánú fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n kan kò gbé fóònù mi fún oṣù mẹ́rin. N kò bínú sí wọn. Owó ni wọ́n pàdánù lóòótọ́, àwọn míì nínú wọn sì ń ti inú yàrá àyágbé kan náà sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé ló ń tọ́jú àwọn òbí wọn, tó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù lóru. Tí àwọn wọ̀nyí kò bá rí ilé gbé ní Kabba, ta ni yóò kù?

Gbólóhùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sínú àdéhùn àkọ́kọ́ nìyí: “Ilé-iṣẹ́ yóò ya ilé méjìdínlógún sọ́tọ̀ ní iye tó bá agbára mẹ̀kúnnù mu.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A pàtẹ́wọ́, a jẹ iyán, a túká.

Ní 2023, ilé 40 àkọ́kọ́ dìde. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjìdínlógún láàárín wọn, torí a kò kọ ìgbà tí wọn yóò kọ́ ọ. Oṣù kẹfà ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, owó irin àti páànù fò sókè, sìmẹ́ńtì tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ àwọn ilé tiwa, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi sí, létí àkùrọ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn, níbi tí ọ̀nà ẹ́sítéètì kò dé. A kò kọ ibi tí wọn yóò wà. Mẹ́fà ni wọ́n parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n sì ní ₦9.5 mílíọ̀nù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú rẹ̀ lókè ń lọ ní ₦14 mílíọ̀nù, nítorí náà lóòótọ́ ló dínwó. A kò kọ agbára mẹ̀kúnnù wo.

Àwọn tó rà wọ́n ló dùn mí jù. Ẹnì kan láti Àbújá ra méjì, ó fi ọ̀kan sí orúkọ àbúrò rẹ̀. Ẹnì kan ra tirẹ̀, ó sì fi í háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wa, tó ti nílé ní Lọ́kọ́jà tẹ́lẹ̀. Bàbá náà fúnra wọn ló ní kí n má yọ èyí kúrò nínú àkọsílẹ̀. Kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni nínú wọn rú, torí a kò kọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọ ọmọ ìyá yẹn ń kọ́ wa lọ́mọ síbẹ̀, inú yàrá kan náà ló ń gbé.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní kó wá parí àlàyé rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọdún márùn-ún péré ni iye ilé náà fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó rà á lè tà á ní iye tí ọjà bá pè. Ilé tí gbogbo ìlú forí ṣe fọrùn ṣe kó lè rọrùn fún òṣìṣẹ́ wá ń bọ́ sọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ọ́ di ọdún mẹ́wàá. Kò tó. Ní 2005 wọ́n sọ ọ́ di ọgbọ̀n ọdún fún ilé títà, ọdún 99 fún ilé àyágbé, wọ́n sì ti fi ìgbà díẹ̀díẹ̀ mú iye ilé tí òfin náà ti ń bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ láti 50 dé 20 kí ẹni tó ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ má baà yọ́ jáde. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ló gbà wọ́n láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Àwa kò ní hẹ́kítà míràn tí a ó fi kọ́ ọ.

Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni pé a kò tíì fa ilẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ tán. Hẹ́kítà méjì àti ààbọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì nílò ìbuwọ́lù olórí ẹbí. Ibẹ̀ la dúró sí.

Iye owó la kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, a sì gbé e ka orí owó oṣù, a fi iye tí ilé-iṣẹ́ ń pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di ₦70,000 ní oṣù keje 2024. Tí ẹni tó ń gbà á bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún ilé, ₦23,333 nìyẹn lóṣù. Ètò ilé ti ìjọba àpapọ̀, tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ sí, máa ń yáni lówó ní èlé ìdá mẹ́fà nínú 100 lọ́dún, ó sì lè tó ọgbọ̀n ọdún. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ₦23,333 lóṣù fún ọgbọ̀n ọdún yóò san ẹ̀yáwó tó tó ₦3.9 mílíọ̀nù. Fún ogún ọdún, kò ju ₦3.2 mílíọ̀nù àti díẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ti lé ní ogójì ọdún kò lè rí ọgbọ̀n ọdún gbà kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo kọ ₦3.9 sára bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦9.5, n kò nílò láti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní ₦3.9 mílíọ̀nù kò lè kọ́ yàrá méjì parí, bíríkìlà tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa sì ní òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí sí ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀. Láyé àtijọ́, ọkùnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó kì í dá ilé kọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún un, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri, àwọn obìnrin á pọn omi, á sì wọ ilé kó tó parí rẹ̀. A fẹnu kò sí ilé ìbẹ̀rẹ̀: ìpìlẹ̀ tó lágbára, ògiri yàrá méjì, páànù lórí gbogbo rẹ̀, yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ tó parí. Ìyókù, onílé àti àwọn èèyàn rẹ̀ á máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹbí kò gba kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ tí àwọn ilé wọ̀nyí wà.

Fún ilé-iṣẹ́, a ṣe ohun tí àwọn ará Montgomery ṣe. Ilé méjìlá ló kù nínú méjìdínlógún. Dípò pílọ́ọ̀tì méjìlá, a ní kí wọ́n kọ́ ọ ní méjì-méjì, kí wọ́n jọ pín ògiri kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí mítà 225. Pílọ́ọ̀tì mẹ́fà ló tó o. Mẹ́fà tó ṣẹ́kù di ti ilé-iṣẹ́ láti tà ní iye ọjà, ìyẹn ló sì san apá kan àlàfo yẹn. Àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ilé tó lẹ̀ mọ́ra, báráàkì ni. Olórí ẹbí ní kí wọ́n lọ wo agbo ilé tí wọ́n bí àwọn fúnra wọn sí, kí wọ́n ka iye ògiri tó dá dúró níbẹ̀. A sì tún kọ ọ́ pé pílọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò wà ní òpópónà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárín àwọn ilé ńlá, lójú ọ̀nà tí gọ́tà wà. Lórí èyí ni ìjiyàn ti gùn jù, torí ilé-iṣẹ́ ń bẹ̀rù pé àwọn tó ń ra ilé olówó gọbọi kò ní fẹ́ irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ọmọ wọn ni aládùúgbò náà. N kò rí ohun tó yẹ kí a jiyàn lé lórí níbẹ̀.

Ti ìgbà rọrùn: bí ilé ọjà mẹ́wàá bá parí, méjì tiwa gbọ́dọ̀ ti gba páànù kí olórí ẹbí tó buwọ́ lu ilẹ̀ tó kàn.

Lọ́yà wa ló kọ́ wa ní èyí tó kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fò ó. Ó ní àdéhùn tó wà láàárín ẹbí àti ilé-iṣẹ́ kò de ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, kò sì de ẹni tó tún rà á lọ́wọ́ onítọ̀hún. Inú ìwé ilé kọ̀ọ̀kan ni májẹ̀mú náà gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: fún ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó bá fẹ́ ta ilé yóò kọ́kọ́ fi lọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò, ní iye tó rà á pẹ̀lú ohun tó fi kún un, tí a ó máa sún sókè bí owó oṣù tó kéré jù bá ṣe ń sún. Kò gbọdọ̀ fi í háyà odindi. Ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan náà ló máa jẹ́ kí báńkì lè yá a lówó lé e. Ìwé gbogbogbòò tó wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ kò lè ṣe ìyẹn.

Orúkọ 61 ló wá fún ilé méjìlá. A kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti nílé tàbí pílọ́ọ̀tì níbikíbi kò lè forúkọ sílẹ̀, pé ọmọ ìgbìmọ̀ àti ọmọ wọn kò lè gbà á, pé ẹni tó ti ń gbé tàbí ń ṣiṣẹ́ ní Kabba fún ọdún márùn-ún lè wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ Owé, ìyẹn onílùú Kabba, ì báà jẹ́ Ebira, ì báà jẹ́ Ìgalà. Èyí dá ariwo sílẹ̀, mo sì dúró tì í gbọn-in. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ọmọ wa kì í ṣe àlejò mọ́. Ìṣòro tí a kò tíì yanjú ni ti àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò ní ìwé owó oṣù. Ètò ìjọba yẹn gba ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ láàyè láti dá owó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún un hàn. Ìwé àjọ tí wọ́n ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń kó jọ báyìí láti fi ṣe ẹ̀rí.

Mẹ́rin nínú méjìlá ti gba páànù. Olùkọ́ méjì, nọ́ọ̀sì kan àti káfíńtà kan ló ni wọ́n; títí ìwé ilé wọn á fi jáde, inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń san owó oṣooṣù sí. Ní Sátidé tó kọjá, a ṣe ọ̀wẹ̀ ní ilé kẹrin. Àwọn ẹgbẹ́ káfíńtà náà ló rẹ́ ògiri yàrá kejì, àwọn obìnrin gbé ẹ̀wà àti omi wá. Ìyá àgbà wá pẹ̀lú, wọ́n fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ yíká ilé ọmọ ọmọ wọn tó wà ní òpópónà kejì, wọ́n béèrè ibi tí ààrò máa wà. Wọ́n ti kan èèkàn ilé karùn-ún àti ìkẹfà. Òjò ló ń dá wọn dúró. Tó bá dá, wọ́n á wa ìpìlẹ̀.